Dídá Igun Mímú Mọ̀ Ṣáájú Wíwọ̀n Rẹ̀: Àbá fún Olùkọ́ Ìṣirò ní Agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí olùkọ́ ṣe lè lo èdè Yorùbá láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní igun mímú, ìyẹn igun tí kò tó àádọ́rùn-ún dígírì. A jẹ́ kó di mímọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà 'igun', gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó nílé, ń tọ́ka sí ibì kan pàtó, nígbà tí ìmọ̀ ìṣirò ń fẹ́ kí ọmọ rí ìwọ̀n ìlanu láàárín apá méjì. Nítorí èyí, a dá a lábàá pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ dá igun mímú mọ̀ nípa fífi í wé igun òòró, kí ó tó gbé purotírátọ̀ lé e lọ́wọ́. A tún fi hàn pé òǹkà Yorùbá, òjìji oòrùn àti àwọn ohun mìíràn tí ó wà ní àyíká Àkúrẹ́ àti Oǹdó lè ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

1. Ìfáárà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà 'igun' rí. Ó ti gbọ́ 'igun ilé', ó ti gbọ́ 'orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé', bóyá wọ́n sì ti rán an padà láti lọ gbá igun yàrá tí ó fò. Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá ya igun méjì tí ó dọ́gba sí ojú pátákó, tí apá ọ̀kan gùn tí apá èkejì sì kúrú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sọ pé èyí tí apá rẹ̀ gùn ni ó tóbi jù. Bí a bá sì ní kí wọ́n fi purotírátọ̀ wọn igun ọgọ́ta dígírì, àwọn kan nínú wọn yóò kọ 120 sílẹ̀, ọkàn wọn yóò sì balẹ̀ pé àwọ́n gbà á.

Àṣìṣe méjèèjì yìí kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá nìkan. Àwọn olùkọ́ ìṣirò káàkiri àgbáyé ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó kàn wá nínú iṣẹ́ yìí ni ipa tí èdè ń kó nínú àṣìṣe náà, àti ohun tí olùkọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè ṣe láti dènà rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ọmọ tí ó bá ti lè fi ojú lásán sọ pé igun kan mú, kò ní í kọ 120 sílẹ̀ fún un. Ìdámọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí ìwọ̀n tẹ̀lé e.

2. Èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè ìkọ́ni nínú ìṣirò

Kí á tó wọ inú iṣẹ́ gan-an, ó yẹ kí á rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Láti ọdún 1970 sí 1978, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a mọ̀ lónìí sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣe ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, àjọ Ford Foundation sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ìwádìí náà jáde ní ìwé ní 1989, ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìperí, iṣẹ́ ribiribi ni àwọn àgbà onímọ̀ èdè wa ti ṣe. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni àwọn ìwé wọ̀nyí gbájú mọ́. Fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àjọ NERDC ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án, Yorùbá sì wà lára wọn. Ó yẹ kí olùkọ́ máa wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ìkàwé kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun.

Ní ti ìlànà ìjọba, láti 1977 tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti kọ́kọ́ jáde ni a ti ní àyè fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà mìíràn tí ó ní kí á fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé rẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, ìjọba sì kéde pé a ti fagi lé ìlànà ti 2022 náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni.

Ẹnì kan lè sọ pé ìpinnu yìí ti sọ iṣẹ́ bí irú èyí di asán. A kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí méjì sì ni a rí. Èkíní ni pé ìtumọ̀ tí ọmọ fún 'igun' nílé kì í dúró sí ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ dè é. Ó ń bá a wọ kíláàsì ni, èdè yòówù kí olùkọ́ máa sọ. Olùkọ́ tí kò bá mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ kò ní í mọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Èkejì ni pé ìlànà ìjọba lè yí padà lọ́dún mẹ́ta sí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i yìí, ṣùgbọ́n èdè tí a kò bá fi ṣe iṣẹ́ ọpọlọ yóò máa rọ lọ ni. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí ó máa bójú tó èyí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣirò nìkan kọ́.

3. Kí ni igun?

Nínú èdè ojoojúmọ́, ibì kan ni igun jẹ́. Ènìyàn lè jókòó sí igun, ó lè fi ẹrù pamọ́ sí igun. Nínú ìṣirò, ẹnikẹ́ni kò lè jókòó sí igun. Igun ni ìwọ̀n ìlanu tí ó wà láàárín ìlà méjì tí ó ti ojú kan náà bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó máa pe ojú tí ìlà méjèèjì ti pàdé ní 'ojú ìpàdé', a ó sì máa pe ìlà kọ̀ọ̀kan ní 'apá'.

Olùkọ́ kò nílò ohun olówó gọbọi láti fi ìyàtọ̀ yìí han ọmọ. Kí ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì, kí ó fi òwú so wọ́n pọ̀ ní ìdí. Bí ó ti ń ṣí wọn díẹ̀díẹ̀, kí ó máa bi àwọn ọmọ pé: 'Kí ni ó ń pọ̀ sí i?' Kì í ṣe ìgbálẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i, ìlanu ni. Lẹ́yìn náà, kí ó di ìgbálẹ̀ náà mú láìjẹ́ kí ìlanu rẹ̀ yí padà, kí ó sì ní kí ọmọ kan dá orí ẹyọ méjèèjì kúrò. Kí ó wá béèrè pé: 'Ǹjẹ́ igun náà ti kéré sí i?' Ìdáhùn ni pé kò kéré. Apá ni ó kúrú, ìlanu kò yẹ̀. Àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé aṣọ àti ilẹ̀kùn tí a ń ṣí lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a bá lò lórí èyí kì í ṣe òfò. Ọmọ tí ó bá ti gbà pé ìlanu ni igun kò tún ní í fi gígùn apá díwọ̀n igun mọ́.

4. Yíyan orúkọ fún igun

Oríṣi igun mẹ́rin ni a nílò ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìlà òòró bá dúró ṣánṣán lórí ìlà ìbú, igun tí ó wà láàárín wọn jẹ́ àádọ́rùn-ún dígírì. A ó pè é ní 'igun òòró'. Èyí tí kò tó o ni 'igun mímú'. Èyí tí ó jù ú lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ọgọ́sàn-án dígírì ni 'igun fífẹ̀'. Bí apá méjèèjì bá na ara wọn di ìlà kan ṣoṣo, 'igun gbọọrọ' ni, ọgọ́sàn-án dígírì sì ni.

Kí nìdí tí a fi yan 'mímú'? Ẹnì kan lè dábàá 'igun kékeré'. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tún dá ọmọ padà sí ibi tí a ti ń lé e kúrò: bí a bá ya igun ogójì dígírì gàdàgbà sí pátákó, ọmọ yóò sọ pé kò kéré. 'Igun híhá' sàn díẹ̀, nítorí pé ó ń sọ nípa àyè tí ó wà láàárín apá méjì. Ṣùgbọ́n igun márùndínláàádọ́rùn-ún dígírì kò há lójú ẹnikẹ́ni. 'Mímú' ní àléébù tirẹ̀ náà, nítorí pé igun márùndínláàádọ́rùn-ún dígírì kan náà yìí kò mú bí àdá. Ohun tí ó gbè é ni pé àwòrán inú rẹ̀ rọrùn fún ọmọ láti rántí: ṣóńṣó ohun tí ó bá mú kì í fẹ̀. Àwòrán yìí kan náà ni àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ lò. Nínú ìwé tí Euclid kọ ní Alexandria, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí 'mímú' ni ó fi pe igun yìí, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igun tí kò tó igun òòró.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí yóò dùn mọ́ olùkọ́ Yorùbá nínú. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ohùn òkè àti fún àmì rẹ̀. Àmì tí à ń fi sí orí fáwẹ̀lì olóhùn òkè lónìí, àti igun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni orúkọ wọn ti wá ní èdè àwọn Òyìnbó.

Orúkọ nìkan kò tó, nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe sọ pé igun mímú ni 'igun tí ó mú'. Kí ó sọ pé igun mímú ni igun tí ìlanu rẹ̀ kò tó ti igun òòró. Ìfiwéra yìí ni oríkì rẹ̀ gan-an.

Ó tún pọn dandan kí á fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́ sí pátákó. Bí olùkọ́ bá kọ 'igun mimu' láìfi àmì sí i, ọmọ lè kà á sí 'igún', ẹyẹ tí ń jẹ òkú ẹran. Ó sì lè ka 'mímú' sí 'mímu', bí ẹni pé ohun tí à ń mu ni. Kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ yóò sì dàrú. Olùkọ́ ìṣirò tí kò ka àmì ohùn sí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀ka-èdè pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń sọ 'ulé' nílé, tí ó bá 'ilé' pàdé nínú ìwé, ti ń ṣe ìtumọ̀ kí ẹ̀kọ́ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń pe igun ní ilé wọn, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ti Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ó sì sọ fún wọn pé ìlanu ni gbogbo rẹ̀ yóò máa tọ́ka sí nínú kíláàsì yìí.

5. Dídá igun mímú mọ̀

Ohun èlò àkọ́kọ́ ni ìwé tí a ká. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan, ó lè ti ya ní etí, kò burú. Kí ó ká a lẹ́ẹ̀kan kí ó lè ní etí tí ó gún régé. Kí ó tún un ká lẹ́ẹ̀kejì, kí etí tí ó gún náà lè bọ́ sórí ara rẹ̀. Igun òòró ni yóò jáde. Ọwọ́ ọmọ ni ó ti ṣe é, kò sì ní í gbàgbé rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Pẹ̀lú ìwé yìí, ọmọ yóò máa dán igun tí ó bá rí wò. Yóò gbé ojú ìpàdé ìwé lé ojú ìpàdé igun náà, yóò mú etí ìwé kan tẹ̀ lé apá kan, yóò sì wo ibi tí apá kejì wà. Bí apá kejì bá fara pamọ́ sábẹ́ ìwé, igun mímú ni. Bí ó bá bá etí ìwé ṣe déédéé, igun òòró ni. Bí ó bá yọ síta, igun fífẹ̀ ni.

Níbo ni kí wọ́n ti wá igun mímú? Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá: lẹ́tà ńlá A, K, M, N àti W ní igun mímú nínú. Kí wọ́n wo agogo ara ògiri. Bí ó bá lu agogo kan, ọwọ́ agogo méjèèjì la ẹnu ní ọgbọ̀n dígírì. Bí ó bá lu méjì, ó di ọgọ́ta. Bí ó bá lu mẹ́ta, igun òòró ti dé. Kí wọ́n jáde lọ wo ibi tí páànù òrùlé ti bá ògiri pàdé, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì.

Kí olùkọ́ rí i pé àwọn igun tí ó yà sí pátákó kò kọ ojú sí ibì kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan máa ń dùbúlẹ̀ nígbà gbogbo, tí ẹnu igun sì máa ń kọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ yóò rò pé èyí tí a bá dorí rẹ̀ kodò kì í ṣe igun mọ́. Kí ó sì fi àwọn tí ó sún mọ́ ààlà kún un: márùndínláàádọ́rùn-ún dígírì, àádọ́rùn-ún, àti márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ibi ààlà ni a ti ń mọ ẹni tí ó yé.

6. Wíwọn igun mímú

Nígbà tí ìdámọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, purotírátọ̀ lè wọlé. Ìlànà tí a dábàá nìyí:

(a) Kí ọmọ wo igun náà, kí ó sọ irú igun tí í ṣe. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: 'Igun mímú ni; kò gbọdọ̀ tó 90.'
(b) Kí ó fojú díwọ̀n rẹ̀. Ṣé ó tó ìlàjì igun òòró, ìyẹn márùndínláàádọ́ta dígírì? Bí ó bá tún ìwé rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò rí ìlàjì náà.
(d) Kí ó gbé àárín ìdí purotírátọ̀ lé ojú ìpàdé gan-an, kì í ṣe etí ike rẹ̀.
(e) Kí ó mú ìlà òdo tẹ̀ lé apá kan. Bí apá bá kúrú, kí ó fi rúlà fà á gùn. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èyí kò yí igun padà.
(ẹ) Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo tí ó wà lórí apá yẹn, kí ó máa kà títí dé ibi tí apá kejì ti gba kọjá.
(f) Kí ó fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tí ó kọ ní (a). Bí kò bá bá a mu, kí ó tún un ṣe.

Ìlà òǹkà méjì ni ó wà lórí purotírátọ̀, ọ̀kan ń lọ sí ọ̀tún, èkejì ń lọ sí òsì. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ ọgọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó yẹ kí ó ka àádọ́ta fi ń ka àádóje, tí ẹni tí ó yẹ kí ó ka ọgọ́ta fi ń ka ọgọ́fà. Olùkọ́ lè pàṣẹ pé 'Ẹ máa lo ìlà inú' tàbí 'Ẹ máa lo ìlà òde', ṣùgbọ́n àṣẹ bẹ́ẹ̀ yóò kùnà ní ọjọ́ tí igun bá kọ ẹnu sí òdì kejì. Ohun tí kì í kùnà ni ìbéèrè (a): ṣé igun mímú ni?

7. Òǹkà Yorùbá lórí purotírátọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé òǹkà Yorùbá le fún ọmọdé nítorí àyọkúrò inú rẹ̀. Lórí purotírátọ̀, àyọkúrò yìí gan-an ni ó di ìrànlọ́wọ́. Ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá ni a sábà máa ń kọ nọ́ńbà sí ara rẹ̀: 10, 20, 30 títí lọ. Ìlà tín-ínrín ni ó wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo 63 àti 67. A ń pe 63 ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta: lọ sí ọgọ́ta, fi ìlà mẹ́ta lé e. A ń pe 67 ní mẹ́tàdínláàádọ́rin: lọ sí àádọ́rin, padà sẹ́yìn ní ìlà mẹ́ta. Orúkọ nọ́ńbà náà ti sọ fún ọmọ ibi tí yóò kọ́kọ́ fi ojú sí, àti iye ìlà tí yóò kà. Láti orí ọ̀kan dé mẹ́rin, a ń lé. Láti orí márùn-ún dé mẹ́sàn-án, a ń dín. Nítorí náà, ọmọ kò ní í ka ju ìlà márùn-ún lọ láéláé. Bákan náà ni méjìlélọ́gbọ̀n fún 32 àti méjìdínlógójì fún 38.

Orúkọ 89 tilẹ̀ ń ṣe ju èyí lọ. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni: ó ku ẹyọ kan kí ó di igun òòró. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ pé igun mímú ni, nítorí pé a ti dín in kúrò lára àádọ́rùn-ún. Kí olùkọ́ kan ṣọ́ra nípa ohun kan: 'padà sẹ́yìn' túmọ̀ sí pípadà sí ìhà òdo tí a ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, ì báà ṣe ọ̀tún tàbí òsì.

8. Iṣẹ́ ìta gbangba

Ìta gbangba ni a ti lè fi hàn pé igun mímú kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Iṣẹ́ mẹ́ta ni a dábàá.

Àkọ́kọ́ ni òjìji oòrùn. Kí á ri ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ lórí ilẹ̀ jẹ́ mítà kan mọ́lẹ̀ ṣánṣán, kí á sì wọn òjìji rẹ̀ nígbà tí ó bá kúrú jù lọ lọ́sàn-án. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nǹkan bí aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni èyí máa ń bọ́ sí; ó lè ṣáájú tàbí kẹ́yìn díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oṣù bá ṣe rí. Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà ní nǹkan bí dígírì méje sí ìhà àríwá ìlà agbedeméjì ayé, èyí tí í ṣe igun mímú fúnra rẹ̀. Nítorí èyí, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, òjìji náà yóò tó sẹ̀ǹtímítà 59, yóò sì kọ orí sí àríwá. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹta, yóò jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, bí ìkúukùu bá gbà, yóò jẹ́ nǹkan bí 29, ṣùgbọ́n gúúsù ni yóò kọ orí sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń dé àtàrí wa gan-an, òjìji yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Nínú kíláàsì, kí ọmọ ya ọ̀pá náà ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní òòró, kí ó ya òjìji ti oṣù kejìlá ní sẹ̀ǹtímítà 5.9 ní ìbú, kí ó so orí ọ̀pá pọ̀ mọ́ orí òjìji. Kí ó wá wọn igun tí ó wà lórí ilẹ̀, láàárín òjìji àti ìlà tí ó fà. Yóò rí nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́ta dígírì. Bí ó bá wọn èyí tí ó wà lórí ọ̀pá, yóò rí nǹkan bí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Igun mímú ni méjèèjì, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ àádọ́rùn-ún. Kí olùkọ́ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oòrùn; òjìji nìkan ni à ń wò.

Èkejì ni gíga òkè. Kí á so òwú mọ́ àárín ìdí purotírátọ̀, kí á sì so òkúta kékeré mọ́ orí òwú náà. Bí a bá gbé ìdí purotírátọ̀ sókè tí ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, òwú yóò wà lórí 90. Bí a bá wo ṣóńṣó àpáta kan láti etí ìdí rẹ̀, òwú yóò kúrò lórí 90; iye tí ó fi kúrò ni igun tí ojú wa fi gbé sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rìnrìn àjò lọ sí Òkè Ìdànrè lè dúró sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n wọn igun yìí, kí wọ́n sún mọ́ òkè díẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Wọn yóò rí i pé bí a ti ń sún mọ́ ọn ni igun náà ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ òkè kò kúrò níbi tí ó wà.

Ẹ̀kẹta ni òrùlé. Kí á pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá sí kíláàsì kí ó ṣàlàyé bí ó ṣe ń pinnu ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé. Bí ìdajì ìbú ilé bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí òrùlé sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5, igun tí òrùlé fi dagẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí mẹ́tàlélógún dígírì. Bí ó bá kéré jù, omi òjò kò ní í tètè ṣàn kúrò. Bí ó bá pọ̀ jù, igi àti páànù tí yóò lọ sí i yóò pọ̀, owó yóò sì pọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ yóò rí i pé ènìyàn ń jẹun nídìí igun mímú.

9. Bí a ṣe lè dán òye akẹ́kọ̀ọ́ wò

Ìdánwò tí ó kàn ní kí ọmọ ka nọ́ńbà orí purotírátọ̀ kò lè fi hàn bóyá ó yé e. A dábàá àwọn ìbéèrè bí ìwọ̀nyí:

(i) Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọn igun kan, ó sì kọ 125 sílẹ̀. Olùkọ́ sọ pé igun mímú ni igun náà. Kí ni ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí sì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe? (Ìdáhùn: 55, òdo tí kò yẹ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.)
(ii) A fa apá igun ogójì dígírì gùn ní ìlọ́po méjì. Dígírì mélòó ni igun náà báyìí? (Ìdáhùn: ogójì náà ni.)
(iii) Ká ìwé láti rí ọgbọ̀n dígírì àti ọgọ́ta dígírì láìlo purotírátọ̀. (Kí a pe igun méjì tí ó wà ní etí ìsàlẹ̀ ìwé ní A àti B. Kí á ká ìwé kí A lè bá B, kí á sì ṣí i. Ojú ìkákò ti wà láàárín. Kí á di B mú, kí á gbé A lọ sórí ojú ìkákò náà. Ibi tí A dúró sí àti B ni ó fún wa ní ọgọ́ta. Ojú ìkákò tuntun pín in sí ọgbọ̀n méjì.)
(iv) Ǹjẹ́ onígun mẹ́ta lè ní igun mímú kan ṣoṣo? (Ìdáhùn: Rárá. Àròpọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọgọ́sàn-án. Bí méjì nínú wọn kò bá mú, àwọn méjèèjì nìkan ti tó ọgọ́sàn-án tàbí kí wọ́n jù ú lọ, kò sì sí ohun tí yóò kù fún ẹ̀kẹta.)

Ìbéèrè kẹrin yìí ni ó ń fi hàn pé ọmọ ti kúrò ní ipò ẹni tí ń ka nọ́ńbà, ó ti di ẹni tí ń ronú.

10. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà 'igun' ń gbé ìtumọ̀ ilé wá sí kíláàsì, pé olùkọ́ sì gbọdọ̀ fi ìlanu rọ́pò ibùdó lọ́kàn ọmọ kí ó tó sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. A ti ṣàlàyé ìdí tí a fi yan 'igun mímú', a sì ti tẹnu mọ́ ọn pé ìfiwéra pẹ̀lú igun òòró ni oríkì rẹ̀. A ti fi hàn pẹ̀lú pé òǹkà wa, tí àwọn kan ń sá fún, bá purotírátọ̀ mu ju bí a ti rò lọ.

A dábàá pé kí àwọn olùkọ́ni ní ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìṣirò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni máa jókòó pọ̀ láti yẹ àwọn ọ̀rọ̀ ìperí ìṣirò wò, kí olùkọ́-ọ̀la má baà jáde láìmọ bí yóò ṣe ṣàlàyé igun fún ọmọ ní èdè tí ọmọ gbọ́. Èdè yòówù kí ìjọba ní kí á fi kọ́ni, iṣẹ́ olùkọ́ kò yí padà: kí ó mọ ohun tí ọmọ ti mọ̀, kí ó sì gba ibẹ̀ mú un lọ síwájú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.